Igun Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò ní Ìfọ̀

Bí mo bá dé ìlú kan tí mo rí òpó ìrántí tàbí ère láàárín ìgboro, kì í ṣe òkè rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Igun rẹ̀ ni mo ń lọ, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òkúta ìpìlẹ̀ máa ń wà. Àwọn ọmọ mi ti fi èyí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n á ní, "Bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ère." Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, tí ẹ sì ní kí n sọ bí tèmi ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀.

Iṣẹ́ òkúta ìrántí ni mo ṣe. Àwa là ń mọ sàréè, òpó, ère onísìmẹ́ńtì, àwa là sì ń gé orúkọ sára òkúta. Ìbàfò ni wọ́n bí mi sí, nígbà tí Ìbàfò àti Mowé ṣì jẹ́ abúlé oko tí ọ̀nà ẹsẹ̀ so pọ̀. Ẹni tó bá rí ibẹ̀ lónìí, pẹ̀lú ilé àti ọkọ̀ tó kún un, kò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ pé a máa ń gbọ́ ohùn ọ̀bọ láti ẹ̀yìnkùlé wa. Mo ka ìwé díẹ̀, mo ṣe tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké fún ìgbà díẹ̀, kò sì wù mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, bàbá mi mú mi lọ sí Ìfọ̀, sọ́dọ̀ Ọ̀gá Búráímọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀, ó gbà mí. Owó tí mo ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ.

Ọ̀gá Búráímọ̀ kò ga, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Ní ọjọ́ tí mo dé, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Tíṣà ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣọ́ọ̀kì lo máa ń dì mú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọwọ́ yìí máa rántí ṣọ́ọ̀kì."

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Tíṣà. Yanrìn ni ó kọ́kọ́ fi mí sí. Yanrìn tiwa ń wá láti odò, lápá Ìbàfò níbẹ̀, ọ̀gá mi kì í sì í gbà kí ó kan sìmẹ́ńtì láìjẹ́ pé a fọ̀ ọ́. Ó máa ń bu díẹ̀ sínú ìgò, á da omi sí i, á mì ín, á gbé e kalẹ̀. Bí omi náà bá dọ̀tí, a tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sìmẹ́ńtì ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá láti òkè òkun, a sì ń tọ́jú àpò rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun, kí òjò má baà kàn án.

Lẹ́yìn yanrìn ni lẹ́tà. Ó kó àfọ́kù òkúta fún mi, ó ní kí n máa gé lẹ́tà O. O nìkan. Ìgbà tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n, ó fi ìka yí inú rẹ̀ ká, ó ní, "Ẹyin adìẹ lèyí. O kọ́ ni." Nígbà tí ó kọ́kọ́ gbà mí láàyè láti dá iṣẹ́ ṣe, sàréè àgbẹ̀ kan ní Mowé ni. Mo gé orúkọ bàbá náà, inú àwọn ọmọ rẹ̀ dùn, wọ́n ti ń bu ẹ̀kọ mímu fún mi. Ọ̀gá mi dé, ó wo orúkọ náà, ó mú òòlù, ó fọ́ ọ. Ìlà orúkọ náà dagun díẹ̀, bóyá ìbú ewé koríko kan. Àwọn ọmọ olóògbé pariwo. Ó dá wọn lóhùn pé, "Bàbá yín máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ayé. Ẹ jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ dáadáa." Mo gé e ní àgétúngé.

Gbogbo èyí ni mo kọ́ kí ọ̀rọ̀ òpó Ìfọ̀ tó dé.

Àwọn ọmọkùnrin kan láti Ìfọ̀ àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀ bá ogun Bọ́mà lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọn kò padà. Lámídì, àbúrò ọ̀gá mi, wà nínú wọn. Kò sí sàréè, kò sí ẹni tó rí òkú. Ìlú wá ní kí a mọ òpó kan síwájú ibùdó réluwéè, níbi tí wọ́n ti wọkọ̀ lọ, kí a sì gé orúkọ wọn sí i. Inú ọ̀gá mi dùn ju bí mo ṣe rí i rí lọ. Ó gé òkúta tí orúkọ máa wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fọwọ́ kàn án.

Ẹgbẹ́ lọ́ọ̀jì ló ní àwọn máa pèsè sìmẹ́ńtì. Àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò ńlá ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n ń pàdé nínú ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n sì ń búra pé àwọn kò ní sọ ohun tí àwọn ń ṣe nínú ilé náà. Awo ni ará ìlú ń pè wọ́n. Olórí wọn ni ọkùnrin àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, Bàbá Réluwéè ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọlúàbí ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ohun méjì ni ẹgbẹ́ náà fẹ́. Wọ́n fẹ́ kí a ya ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú sí ìsàlẹ̀ òpó, nítorí àmì wọn ni. Wọ́n sì fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ní igun tó kọjú sáàárín àríwá àti ìlà oòrùn, ní ọjọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́ wọn. Oṣù kẹfà ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Gbogbo ẹni tó bá mọ ilẹ̀ pupa Ìfọ̀ mọ bí ó ṣe máa ń rí ní oṣù kẹfà.

Ọ̀gá mi ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí òjò lọ ná."

Bàbá Réluwéè rẹ́rìn-ín. "Búráímọ̀, ọjọ́ náà kì í yí padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ayé nìyẹn."

Ọ̀gá mi gbà. Mo rò pé nítorí Lámídì ni. Ó ti pẹ́ jù tí ó ti ń dúró.

Ní ọjọ́ náà, wọ́n dé pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù funfun nídìí, ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n kó dání: tíróẹ̀lì tó ń dán bíi dígí, lẹ́fẹ̀lì, okùn tí òjé so mọ́ nídìí, irin onígun tí a fi ń mọ̀ bóyá igun ògiri tọ́. Ohun tó wà nínú àpò iṣẹ́ ọ̀gá mi gan-an nìyẹn! Kí ni akọ̀wé àti oníṣòwò ń fi irinṣẹ́ bíríkìlà ṣe? Ìbéèrè yẹn wọ inú mi lọ, kò sì jáde títí mo fi darúgbó.

Gàníyù, ọmọ Ìbógùn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Wo épírọ́ọ̀nù wọn."

Ọ̀gá mi gbọ́. "Ó mọ́ jù," ni ó wí. "Ẹni tí épírọ́ọ̀nù rẹ̀ bá mọ́ báyẹn, kò tíì ṣe nǹkan kan láti àárọ̀."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ta aṣọ funfun yí kòtò náà ká. Wọ́n ní kí a bọ́ síta.

"Èmi tí mo gbẹ́ kòtò?" ni ọ̀gá mi bi wọ́n.

"Fara balẹ̀, Búráímọ̀. Òfin ni."

A dúró síta bí àlejò. Òórùn òróró àti wáìnì ń fẹ́ sí wa, a ń gbọ́ ìró òòlù onígi àti èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnì kan ń kà bí àdúrà. Àwọn obìnrin tó ń tajà fún èrò réluwéè ti pé jọ sẹ́yìn wa. Ìyá Sùlé tó ń ta ẹ̀pà wà níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Bọ́mà ló kú sí.

"Kí ni wọ́n ń sin síbẹ̀ tí wọn kò fẹ́ kí a rí?" ni ó béèrè.

"Bóyá orí ewúrẹ́ ni," ni obìnrin kan dáhùn.

"Ewúrẹ́ wo ni wọ́n ń ta aṣọ bò?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ká aṣọ kúrò, a rí i pé omi ti dúró nínú kòtò, òkúta wọn sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ gbé e kúrò kí ó lè gbọ́n omi náà, kí ó sì gún ilẹ̀ náà le. Wọ́n ní tí a bá ti fi í lélẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Báyìí ni a ṣe mọ òpó lé ẹrẹ̀ lórí.

Ó ti ga ju ènìyàn lọ dáadáa nígbà tí òjò ńlá dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, igun tí òkúta yẹn wà rì. A gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí igi ńlá bá ya. Gàníyù wà lórí àgà. Ọ̀gá mi kígbe pé, "Fò!" Ó fò, ṣùgbọ́n àfọ́kù òpó náà bá a lẹ́sẹ̀. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń tiro, ó padà sí oko ní Ìbógùn, kò gbá tíróẹ̀lì mú mọ́. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, n kò rí èyí tó burú tó bẹ́ẹ̀.

Àwa mọ̀ pé omi ni. Ìlú ní ohun tí wọ́n sin síbẹ̀ ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ẹbí àwọn ológun ti kún iwájú àtíbàbà iṣẹ́ wa, Ìyá Sùlé ló ṣáájú.

"Búráímọ̀, orúkọ ọmọ mi dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Ìyá. A kò tíì gé e."

"Má gé e mọ́. Dá a padà fún mi."

"Báwo ni mo ṣe máa dá orúkọ padà?"

"Má kọ ọ́ síbẹ̀. Ohun tó gba ẹsẹ̀ Gàníyù kò ní gba orúkọ ọmọ mi. Bọ́mà ti gba ara rẹ̀. Ó tó."

Àwọn yòókù ní bí ọ̀rọ̀ tiwọn náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára òpó awo, awo ti gba ẹni náà nìyẹn, kò ní sinmi lọ́run. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Réluwéè. Ó dé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Kò sí nǹkan búburú níbẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Ìyá Sùlé bi í.

"N kò lè sọ."

"Ṣí i kí a rí i."

"Mo ti búra, ìyáàfin."

"Ó dáa. Àwa náà ti búra."

Bàbá Réluwéè nu ojú rẹ̀. Ó ní bí àwọn ẹbí bá ti kọ̀, kò sí bí òpó ṣe lè dúró lásán. Ẹgbẹ́ ló ni sìmẹ́ńtì, orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n máa gé sí i. Mo wo ojú ọ̀gá mi. Mo mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀: kò sí ibòmíràn nínú ayé yìí tí orúkọ Lámídì máa wà.

"Orúkọ kan wà," ni ó wí. "Lámídì àbúrò mi. Bàbá wa ti kú, ìyá wa ti kú, èmi ni mo ni orúkọ rẹ̀. Òun ni a máa gé. Bí awo bá ń jẹ orúkọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé mi."

Ìyá Sùlé gbé igbá rẹ̀, ó lọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a tún òpó mọ. Ọ̀gá mi gbẹ́ kòtò tó jìn, ó gún un títí ilẹ̀ fi le bí àpáta. Àwọn onílọ́ọ̀jì fúnra wọn ló gbé òkúta wọn kúrò tí wọ́n sì dá a padà. Wọ́n tún ta aṣọ. Èmi ni mo mọ ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú. Lókè rẹ̀, lójú òkúta tó fẹ̀ tó láti gba gbogbo wọn, orúkọ kan ṣoṣo ló wà. Àwọn ọmọdé ń pè é ní òpó Lámídì. Àwọn àgbà ń gba òdìkejì ọ̀nà kọjá. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí ọ̀gá mi bá kírun tán, ó máa ń gba ibẹ̀ lọ láti fi omi nù ún.

Ó tó ọdún kan tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan láti Mowé dé àtíbàbà wa, ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó bá ogun lọ. Ó jókòó, ó wo ọ̀gá mi láti òkè délẹ̀.

"A ti ń wò ọ́," ni ó wí.

"Kí lẹ ń wò?"

"Bóyá wàá kú."

"N kò kú, Bàbá."

"Mo rí i. Ṣé àyè ṣì wà lára òkúta yẹn?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ẹbí kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì, ọ̀gá mi kò sì retí i. Ó kàn máa ń mú síṣẹ́ẹ̀lì tó fi ń gé lẹ́tà. Ìyá Sùlé nìkan ni kò wá.

Lẹ́yìn èyí ni mo rí ọ̀nà wọ yunifásítì. Ìtàn ni mo kà. Ká sọ òtítọ́, ìbéèrè ọjọ́ épírọ́ọ̀nù yẹn ló gbé mi débẹ̀. Nínú yàrá ìkàwé tó tutù, tí fáànù ń yí lókè, ni mo ti kà pé àwọn tó ń gbẹ́ òkúta ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní ilẹ̀ Òyìnbó ti ní ẹgbẹ́ tiwọn tipẹ́, wọ́n ní òfin, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn mọ̀. Nígbà tó yá, àwọn olówó tí kò gbẹ́ òkúta rí wọ inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ irinṣẹ́ iṣẹ́ di àmì ìwà rere. Mo kà pé ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló fi òkúta ìpìlẹ̀ òpó gíga tó wà ní olú-ìlú Amẹ́ríkà lélẹ̀, àwọn náà ló fi ti ère obìnrin tó gbé iná sókè lẹ́nu èbúté Niu Yọ́ọ̀kì lélẹ̀. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn! Mo fẹ́ dìde láàárín àwọn tó ń kàwé kí n kígbe orúkọ Ìfọ̀.

Nígbà ìsinmi, mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá béèrè pé, "Àwọn Amẹ́ríkà náà ta aṣọ yí i ká?"

"Rárá, sà. Gbangba ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn èrò ń wò wọ́n."

"Aṣọ yẹn," ni ó wí. "Aṣọ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

Mo lọ bá Bàbá Réluwéè, mo bi í pé ta ló ní kí wọ́n ta aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní kò sí nínú ìwé wọn. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní Ìfọ̀ ló fi kún un. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí ará ìlú bá ń rí ìdí rẹ̀, ta ló máa bẹ̀rù rẹ̀? Mo bi í ní ohun tó wà lábẹ́ òkúta náà. Ó ní, "Tíṣà, máa lọ kàwé rẹ." N kò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Ìyókù iṣẹ́ mi, ẹ lè fọkàn yàwòrán rẹ̀. Mo padà sídìí òkúta lẹ́yìn ìwé, ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Mo mọ òpó àti ère ní ìlú púpọ̀, mo sì ń ṣàtúnṣe àwọn tó ti ń fọ́. Síṣẹ́ẹ̀lì fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń lo iná, ariwo rẹ̀ gba etí mi kan. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, tó ń gé O tí kò jọ ẹyin adìẹ láéláé. Lára iṣẹ́ tí mo tún ṣe, mo rí ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú, mo rí irin onígun, mo rí ojú kan tó là sílẹ̀, lára ohun tí gbogbo ìlú ń wò lójoojúmọ́ tí wọn kò rí i. Ẹgbẹ́ tó bá mú sìmẹ́ńtì wá máa ń fi ojú ara rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ máa béèrè ẹni tó ni sìmẹ́ńtì. Kò burú láti gbà á, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Mo ti sáré kọjá ohun kan. Ní ìsinmi tó tẹ̀lé èyí tí mo sọ yẹn, ọ̀gá mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, èmi ni mo ń bá a gé lẹ́tà. Ìyá Sùlé wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ti tẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀gá mi dìde fún un.

"Búráímọ̀, mo ti darúgbó."

"Ẹ máa pẹ́ sí i, Ìyá."

"Gbọ́ mi ná. Bí mo bá kú, ta ló máa mọ̀ pé mo bí ọmọ kankan?" Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Bí awo yẹn bá fẹ́ gbé e, kí wọ́n wá bá mi jà. Gé e."

A lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òun ní iwájú. Òkúta náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo ń wá àyè nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi di ọwọ́ mi mú, ó gbé e sókè, sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Lámídì. Òfìfo ni ibẹ̀. Ẹbí méjì tí mo mọ̀ ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún àwọn ní ibẹ̀, ó kọ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Mo gé orúkọ náà. Nígbà tí mo ṣe tán, ọ̀gá mi fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń retí kí ó ní kí n tún un ṣe. Ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku rẹ̀ kúrò.

Ìyá Sùlé kò mọ̀wé. Ó ní kí n fi orúkọ ọmọ òun han òun, mo fi hàn án. Ó ní, "Lámídì ńkọ́?" Mo fi hàn án pẹ̀lú. Ó gbé ọwọ́ kan lé ọ̀kan, ó gbé ọwọ́ kejì lé èkejì.

"Wọ́n sún mọ́ra," ni ó wí.

"Wọ́n sún mọ́ra, Ìyá," ni ọ̀gá mi dáhùn.